Ohùn Kejì Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé owú ọmọdé kì í pẹ́ nínú, ẹ bi í bóyá ó ní àbúrò. Èmi ní ọ̀kan, Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀, mo sì ti ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé láti ọsibítù, tí gbogbo ilé pagbo yí i ká, tí wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, òun pé méje, owú náà sì ti kúrò ní ti ọmọdé. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má bá mi wá àwáwí, nítorí èmi náà ti wá a títí, mi ò rí.

Ilé bíríkì alájà méjì là ń gbé ní Chatham, lápá gúúsù Chicago. Ìsàlẹ̀ ni tiwa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni omi bútà Ìyá Ìwó nínú balùwẹ̀, tó ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́bìrì Dádì tó ń ha yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mọ́tò Mọ́mì tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jí. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì ní Joliet, wákàtí méjìlá gbáko ni ṣíìfù rẹ̀. Dádì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Naperville. Nítorí náà, ọwọ́ Ìyá Ìwó la wà. Ìyá Dádì ni, láti Ìwó ni wọ́n ti mú un wá kó lè máa tọ́jú wa, orúkọ ìlú rẹ̀ la sì fi ń pè é. "Mulí, orúnkún rẹ dà?" ni yóò wí bí mo bá kí i lórí ìdúró, mo sì ní láti kúnlẹ̀ lórí táìlì tútù kíṣìnì yẹn kó tó dá mi lóhùn. Òfin rẹ̀ tó ga jù ni pé ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu àgbà. "Jẹ́ kó tán," ni yóò wí. "Jẹ́ kí n pa ẹnu mi dé ná, kí o tó la tìẹ." Èmi gba ẹ̀kọ́ yìí tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn àlejò a máa sọ pé, "Ìyá, ẹ kọ́ ọmọ yìí o, bí ẹni pé Ìwó ló dàgbà sí," orí mi a sì wú. Àṣàkẹ́ ní tirẹ̀, ajálu-ọ̀rọ̀ ni. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ tí kò ní bá yín parí rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá a wí, ojoojúmọ́ náà ni mò ń gbádùn rẹ̀.

Ẹni tó ń gbé lókè orí wa ni Màmá Súà. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Soazig, ṣùgbọ́n Ìyá Ìwó ní eyín òun ò lè jẹ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, ó gé e kúrú. Òyìnbó arúgbó ni, opó. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú lọkọ rẹ̀. Ṣọ́jà ló jẹ́ nígbà tó pàdé rẹ̀ nílẹ̀ Faransé tó sì gbé e wá sí Chatham. Ọkùnrin náà ti kú kí àwa tó ra ilé, a bá ìyàwó lókè, Dádì ní kó máa gbé ibẹ̀ lọ. Ẹ má pe Màmá Súà ní ará Faransé lójú rẹ̀ o! Bretagne ni òun ti wá, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti na imú wọ inú òkun. Wọ́n ní èdè tiwọn, wọ́n ní ijó tiwọn, ó sì sọ fún wa pé wọ́n máa ń na àwọn nílé ìwé bí àwọn bá fi èdè náà sọ̀rọ̀. Mọ́mì rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n na òun náà nítorí Yorùbá.

Àwo orin kún ògiri yàrá kan lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Ó lè fa ọ̀kan yọ láìwo ẹ̀yìn rẹ̀, kó sọ ìlú tí wọ́n ti kọ ọ́, kó sì dìde fi bí àwọn ará ìlú náà ṣe ń gbẹ́sẹ̀ hàn yín. Fèrè ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù, méjì méjì, ọ̀kan á ké, ìkejì á dáhùn, ohùn wọn sì le tó bẹ́ẹ̀ tí gíláàsì fèrèsé wa fi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ tí Ìyá Ìwó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó gbójú sókè wo àjà. "Ṣé Háúsá ló ń gbé lókè ni? Fèrè tí wọ́n ń fọn fún ọba wọn nìyẹn o!" Ó gòkè lọ wò ó, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí ọbẹ̀ fi jóná. Ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, láìgbọ́ èdè ara wọn. Màmá Súà a máa din pankéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dúdú díẹ̀, tí bọ́tà oníyọ̀ ń kán lára rẹ̀. Nígbà tó ti mọ̀ pé Mùsùlùmí ni wá, ẹyin nìkan ló ń fi sínú tiwa. Ìyá Ìwó a gbé ata díndín gòkè, a dà á lé e lórí. Bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á fi ọmọ-ìka kọ́ ọmọ-ìka, bí àwọn ará Bretagne ṣe ń ṣe, wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á máa ju apá sókè sódò, wọ́n á sì máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ yí tábìlì ká. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àjà nínú òtẹ́ẹ̀lì lónìí, àwọn arúgbó méjì yẹn ni mo máa ń rí.

Ṣùgbọ́n fèrè kọ́ ni Màmá Súà fẹ́ràn jù. Orin ẹnu ni, èyí tí wọ́n ń pè ní kan ha diskan, tí ẹni méjì ń kọ fún àwọn oníjó láìsí ìlù, láìsí fèrè. Ẹni àkọ́kọ́ á kọ ìlà kan. Nígbà tó bá ku ọ̀rọ̀ méjì kó parí, ẹnìkejì á já lù ú, wọ́n á jọ parí rẹ̀, ẹnìkejì á wá dá ìlà náà tún kọ, kí òun náà sì tó parí, ẹni àkọ́kọ́ ti wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbà á lẹ́nu ara wọn tí kì í fi í sí àlàfo. Bí àlàfo bá wà, ẹsẹ̀ oníjó á dúró, ijó bàjẹ́ nìyẹn. Ìyá Màmá Súà ní orin ijó kan tó jẹ́ ti abúlé wọn nìkan. Màmá Súà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń kọ ọ́ láti kékeré, òun ni ohùn kìíní, àbúrò ni ohùn kejì. Nínú gbogbo àwo tó kún ògiri yẹn, kò sí èyí tí orin náà wà nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn, kété lẹ́yìn Iléyá, lẹ́tà dé pé àbúrò ti kú. Lẹ́tà náà tún sọ pé àwọn kan ń kó orin àtijọ́ jọ sínú kásẹ́ẹ̀tì nílé, pé bó bá lè kọ ti ìyá wọn ránṣẹ́, kó tètè ṣe é. Màmá Súà jókòó ní kíṣìnì wa, ó fọwọ́ lé àyà rẹ̀, àyà tó ti ń fún un láti bí ọdún mélòó kan.

"Ẹnì kan ò lè dá a kọ," ló wí. "Bí mo bá kú báyìí, ó tán nìyẹn." Ó wá yíjú sí mi. "Mulí, ohùn rẹ dùn. Ṣé wàá jẹ́ ohùn kejì fún mi?"

Háà! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Èmi, kì í ṣe Àṣàkẹ́! Mo wo ojú Àṣàkẹ́ kí n lè rí bó ṣe máa rí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ń fi ìka lá bọ́tà, kò tilẹ̀ gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti tilé ìwé dé, òkè tààrà ni. Màmá Súà kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ orin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì há a sórí bí mo ṣe ń há súrà sórí, láìbéèrè ìtumọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Ohùn mi ń lọ geere. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ wọlé. Màmá Súà á bẹ̀rẹ̀, á máa lọ, á sún mọ́ òpin ìlà, á mi orí sí mi pé ó yá, ẹnu mi ò ní ṣí. Mo rí ètè àgbàlagbà tó ń mì, mo rí irun funfun lórí rẹ̀, gbogbo ara mi ń sọ pé jẹ́ kó tán. Ìgbà tó bá pa ẹnu dé ni èmi ń la tèmi. Àlàfo á sì ti wà, Ìyá Ìwó tó ń jó á dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè.

"Wọlé!" Màmá Súà á pàtẹ́wọ́. "Má dúró dè mí! Wọlé kí n tó jáde!"

"Yes, ma," ni èmi á wí, a ó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún dúró dè é. Ìyá Ìwó, tó jẹ́ pé òun gan-an ló fi àtẹ́lẹwọ́ kọ́ mi láti má ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà, ló wá ń bi mí pé, "Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an, Mulí? Ṣé bó o ṣe máa di ìyá arúgbó lọ́wọ́ nìyẹn?" Ẹ wò mí bí ẹ ṣe rí mi yìí, mo ti dàgbà, mo ní ipò níbi iṣẹ́, síbẹ̀ nínú ìpàdé mi ò lè fèsì fún ẹni tó jù mí lọ títí tí yóò fi sọ tirẹ̀ tán, wọ́n á sì ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ó ti ná mi ní nǹkan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a tún ń bá a fà á, Màmá Súà kọ ìlà àkọ́kọ́, ó dé òpin rẹ̀, ó mi orí sí mi, ohùn kan sì jáde lábẹ́ tábìlì. Ó já lù ú gẹ́lẹ́ níbi tó yẹ. Ó bá a parí ìlà, ó dá a tún kọ, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè lọ́tùn-ún lósì, kò sì bìkítà. Màmá Súà la ojú, ó wọlé bá a, wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn, Ìyá Ìwó sì ń yí tábìlì ká láìdúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Àṣàkẹ́ ni. Ó yọ jáde lábẹ́ tábìlì pẹ̀lú bọ́tà lẹ́nu. Màmá Súà di orí rẹ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀ tó kú. Kò sí ẹni tó wò mí. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà lórí mi, ọ̀kan ò yẹ̀, kò sì sí ẹni tó nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ò jowú rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe. Oúnjẹ ò dùn lẹ́nu. Mo ń fọ abọ́, mo ń fetí sí òkè. Mo ń ká aṣọ, mo ń fetí sí òkè. Ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ na Àṣàkẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń torí rẹ̀ fún un ní pankéèkì lókè! Lórí ibùsùn lálẹ́, ó ń kọ orin mi, ó ń ṣì í pè, bí mo bá tún un ṣe fún un á ní, "Màmá Súà said it's fine." Mo sunkún lọ bá Ìyá Ìwó. "It's not fair! Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè!" Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà," ló wí. Mo lọ wo àyà mi nínú dígí balùwẹ̀, lóòótọ́ kò sí ẹran kankan níbẹ̀. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ.

Ọjọ́ Sunday kan tí Mọ́mì ò lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n mú láti fi gba orin náà sílẹ̀. Mọ́mì àti Ìyá Ìwó ni oníjó, nítorí Màmá Súà ní orin tí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, orin òkú ni. Ó gbé ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ síwájú mi. "Mulí, ìwọ nìkan ló ní sùúrù," ló wí. "Ìwọ ni wàá máa bójú tó o." Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì: bọ́tìnnì pupa àti dúdú, kí n fi ìka méjì tẹ̀ wọ́n pọ̀. Bí mo bá tẹ dúdú nìkan, kásẹ́ẹ̀tì á máa yí, ṣùgbọ́n kò ní gba ohunkóhun. Sùúrù! Sùúrù yẹn náà ló lé mi kúrò nídìí orin, wọ́n tún wá fi ń yìn mí kí n lè jókòó ti ẹ̀rọ bí ẹni ń ṣọ́ bàtà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí. Àṣàkẹ́ wọ gáúnù ọdún rẹ̀. Mọ́mì ti dì í nírun tuntun. Màmá Súà mí kanlẹ̀, ó wò mí, ó mi orí. Mo fi ìka lé bọ́tìnnì méjèèjì. Mo gbé ìka kan kúrò lórí pupa, mo tẹ dúdú.

Wọn ò kọ ọ́ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilẹ̀ pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ Mọ́mì àti Ìyá Ìwó, ohùn arúgbó ń fún ohùn ọmọ, ohùn ọmọ ń fún un padà, èmi sì ń wo kásẹ́ẹ̀tì tó ń yí lófìfo. Mo lè tẹ pupa nígbàkigbà. Mo ń sọ fún ara mi pé ìlà tó kàn, ìlà tó kàn. Orin parí, ìka mi ò kúrò níbi tó wà. Màmá Súà wúkọ́ títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Mulí, ṣé ó wọlé?" ló bi mí. Mo dúró kó sọ ọ́ tán pátá, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Mo wá ní, "Yes, ma. Ó wọlé."

Mo ń retí pé yóò gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, pé ariwo á sọ, pé wọ́n á pè mí. Ọjọ́ kan kọjá, méjì kọjá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní òun ti fi í ránṣẹ́ sílé, ó dì mọ́ mi, ó ní mo ṣeun. Mo gbà pé kò gbọ́ ọ kó tó fi ránṣẹ́, pé kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ló rékọjá òkun. Kí òtútù yẹn tó kásẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì kọrin mọ́. Ó kú kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ wá kó àwọn àwo lọ nínú páálí. Ìyá Ìwó kọ̀ láti gòkè lọ wo bí wọ́n ṣe ń kó wọn. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sílé ìwé gíga, mo ṣègbéyàwó, Ìyá Ìwó náà padà sílé, ó kú, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì jókòó sí mi láyà níbi tí ẹran ò sí. Mo ti wá orin náà títí lórí fóònù. Mo gbọ́ orin abúlé mìíràn lóríṣiríṣi, méjì méjì ni àwọn akọrin, bí mo bá gbọ́ ibi tí ẹnìkejì ti ń wọlé, mo máa ń pa á.

Lọ́dún yìí, Àṣàkẹ́ wá kí mi ní Joliet, a jọ ń gé ẹ̀fọ́. Ó ti di ìyá ọmọ mẹ́ta, gbogbo ènìyàn ṣì fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo kàn bá ara mi tí mò ń sọ ọ́, láti orí bọ́tìnnì dúdú dé orí irọ́ tí mo pa, mi ò sì gbójú kúrò lára ẹ̀fọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Àṣàkẹ́ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Àǹtí mi, mo rí yín," ló wí. "Iwájú yín ni mo dúró sí. Mo rí i pé pupa ò wọlẹ̀."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "O sì dákẹ́?"

"Mi ò dákẹ́. Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Mo sọ fún Màmá Súà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, tí Dádì gbé yín lọ sílé kéwú, èmi ní inú ń run mí. A tún un kọ. Ìyá Ìwó ló tẹ̀ ẹ́ fún wa, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa kòkòrò."

Ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Gbogbo ọdún yìí, orin náà kò sọnù, ó ti dé ilé rẹ̀! Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Kí ló dé tí wọn ò pè mí? Ìyá Ìwó náà mọ̀, ó sì ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun títí! Mo bi Àṣàkẹ́ ìdí tí kò fi sọ fún mi láti ìgbà yìí wá. Ó ní Màmá Súà ti mú kí òun búra pé òun ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àfi bí èmi fúnra mi bá mú un wá sẹ́nu. "Ó ní wọn kì í dójú ti ẹ̀gbọ́n lójú àbúrò rẹ̀. Mo sì ti ń retí yín. Àǹtí, ẹ pẹ́ o."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa fóònù yọ. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, ó ti gbà á sórí fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ gbọ́ èémí, èémí arúgbó tó ń fún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn Màmá Súà, tó ń sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ẹni tí wọn yóò gbọ́, bí àwọn akọrin wọn ṣe máa ń ṣe, ní èdè wọn, lẹ́yìn náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó ní ohùn kejì ni Àṣàkẹ́. Ó wá ní, "Múlíkátù ló ń bójú tó ẹ̀rọ fún wa."

Mi ò sí níbẹ̀. Ilé kéwú ni mo wà lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ẹnu mi ń ka súrà, inú mi ń dùn pé mo ti ba tiwọn jẹ́. Ó sì pe orúkọ mi síbẹ̀.